Ìyára ṣíṣí ojú-ìwé ayélujára

Ìyára ṣíṣí ojú-ìwé ayélujára ni iye àkókò tó ń kọjá láti ìgbà tí ènìyàn bá ti tẹ ìjápọ̀ kan títí di ìgbà tí ojú-ìwé tó béèrè fún yóò hàn lójú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà rẹ̀ débi tí ó fi lè kà á, tí ó sì lè fọwọ́ tẹ nǹkan lórí rẹ̀ kí ó dá a lóhùn. Kì í ṣe agbára íntánẹ́ẹ̀tì àlejò, ìyẹn ẹni tó ń ṣí ojú-ìwé náà, nìkan ló ń pinnu rẹ̀. Bí ẹ̀rọ sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ìkànnì, ṣe jìnnà tó sí ẹni tó ń béèrè, bí ẹrù tí ojú-ìwé náà rù ṣe wúwo tó, iye ìgbà tí bráúsà, ètò tí a fi ń ṣí ìkànnì, ní láti lọ kí ó sì bọ̀ kó tó rí ohun gbogbo tó nílò, àti iṣẹ́ tí fóònù fúnra rẹ̀ ní láti ṣe lórí ohun tó gbà, gbogbo wọn ló lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìkànnì kan náà fi lè ṣí wàrà lójú ẹni tó kọ́ ọ, kí ó sì máa fà lójú ẹlòmíràn tó ń lo fóònù tí agbára rẹ̀ kéré ní ibi tó jìnnà sí sáfà.

Ọ̀rọ̀ ìdúródè yìí ti pẹ́ ju ayélujára lọ. Ní 1968, Robert Miller kọ̀wé lórí bí ó ṣe yẹ kí kọ̀ǹpútà tètè dá ènìyàn lóhùn tó, Jakob Nielsen sì tún un gbé jáde ní 1993 gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n mẹ́ta tí àwọn onímọ̀ ṣì ń lò: bí ìdáhùn bá dé láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ó máa ń dà bíi pé ojú ẹsẹ̀ ló dé; bí ó bá tó ìṣẹ́jú àáyá 1, ènìyàn yóò mọ̀ pé òun dúró, ṣùgbọ́n èrò ọkàn rẹ̀ kò ní já; bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú àáyá 10, ọkàn rẹ̀ yóò ti lọ síbòmíràn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí ojú-ìwé tó hàn

Nígbà tí ènìyàn bá tẹ àdírẹ́sì ìkànnì, bráúsà kọ́kọ́ ní láti mọ ibi tí sáfà ìkànnì náà wà. Ètò DNS, tí Paul Mockapetris gbé kalẹ̀ ní 1983, ló ń sọ orúkọ tí ènìyàn lè kà di nọ́ńbà tí ẹ̀rọ lè tẹ̀ lé. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rọ méjèèjì yóò kí ara wọn gẹ́gẹ́ bí ìlànà TCP ṣe là á sílẹ̀, wọn yóò ṣe àdéhùn bí wọn yóò ṣe máa fi ọ̀rọ̀ wọn pamọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ lójú ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìlànà TLS, ìgbà náà ni bráúsà yóò tó béèrè ohun tó wá. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ná wọn ní àlọ-àtàbọ̀ kan, ó kéré tán, àlọ-àtàbọ̀ sì ní ìwọ̀n tí kò ṣeé dín kù: ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú okùn fáíbà kọjá ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà bí sáfà bá wà ní 7,500 kìlómítà sí àlejò, àlọ-àtàbọ̀ kan kò lè dín ní mílísẹ́kọ́ǹdì 75 (mílísẹ́kọ́ǹdì kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá), kódà bí okùn náà bá tọ́ gbọọrọ láìyà síbì kan, èyí tí kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ká ní àlọ-àtàbọ̀ kan ń gba mílísẹ́kọ́ǹdì 150. Lábẹ́ TLS 1.2, ìkíni TCP gba ẹyọ kan, àdéhùn ìpamọ́ gba méjì, ìbéèrè fúnra rẹ̀ gba ẹyọ kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílísẹ́kọ́ǹdì 600 kí lẹ́tà àkọ́kọ́ tó dé, láì tíì ka ti DNS mọ́ ọn. TLS 1.3, tó jáde ní 2018, yọ àlọ-àtàbọ̀ kan kúrò, ó sì sọ ọ́ di 450. HTTP/3, ẹ̀dà tuntun ìlànà tí bráúsà fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ sáfà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2022, ń gun ìlànà QUIC tó pa ìkíni àti àdéhùn ìpamọ́ pọ̀ sí ẹ̀ẹ̀kan, ó sì sọ ọ́ di 300. Ìdajì àkókò náà ni ó ti lọ yẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àwòrán tàbí kóòdù ojú-ìwé náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó gbà kò ju kí alábòójútó ìkànnì ní kí olùpèsè sáfà rẹ̀ tan ìlànà tuntun náà sílẹ̀. HTTP/2 ti ọdún 2015 sì ti tún ìṣòro mìíràn ṣe ṣáájú, nítorí ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìbéèrè gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tó jẹ́ pé lábẹ́ HTTP/1.1 ojú ọ̀nà bíi mẹ́fà ni bráúsà máa ń ṣí sí sáfà kan, tí àwọn ìbéèrè yòókù á sì tò sẹ́yìn.

Níní íntánẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ kò mú ìṣòro jíjìn yìí kúrò. TCP kì í da gbogbo ẹrù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú páálí 10, ìyẹn ìdì dátà kéékèèké, tó jẹ́ nǹkan bíi kílóbáìtì 14, yóò dúró kí olùgbà sọ pé ó dé, kó tó fi ìlọ́po méjì rẹ̀ ránṣẹ́. Ojú-ìwé tí ọ̀rọ̀ pàtàkì rẹ̀ bá wà nínú kílóbáìtì 14 àkọ́kọ́ yẹn lè bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lẹ́yìn àlọ-àtàbọ̀ kan ṣoṣo tó bá tẹ̀ lé ìkíni àti àdéhùn ìpamọ́.

Bí HTML, ìwé tó gbé ọ̀rọ̀ àti ìlànà ojú-ìwé náà, bá ti ń dé, bráúsà á máa kà á láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Bí ó bá kan ìlà tó pe fáìlì CSS, èyí tó ń sọ àwọ̀ àti ìtò ojú-ìwé, kò ní ya nǹkan kan sójú títí fáìlì náà yóò fi dé, nítorí kò fẹ́ kí àlejò rí ojú-ìwé tí kò tíì ní ọ̀ṣọ́. Bí ó bá kan JavaScript, kóòdù tó ń mú kí nǹkan ṣiṣẹ́ lórí ojú-ìwé, tí a kò fi àmì sí, yóò dá kíkà dúró, yóò lọ mú un wá, yóò ṣe é tán, kó tó máa bá kíkà lọ. Àmì <code>defer</code> ń sọ fún un pé kó máa kà lọ, kó mú fáìlì náà wá lábẹ́lẹ̀, kó sì fi ṣíṣe rẹ̀ di ìgbà tó bá ka HTML tán. <Code>async</code> ní tirẹ̀ ń jẹ́ kó ṣe é ní gbàrà tó bá dé, èyí tó dára fún kóòdù tí kò gbára lé òmíràn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí nínú HTML lè mú kí àlejò rí nǹkan kà ní ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan ṣáájú.

Àwòrán

Lórí ọ̀pọ̀ ìkànnì, àwòrán ló ń kó ìpín tó tóbi jù nínú ẹrù, níbẹ̀ sì ni àtúnṣe ti rọrùn jù. Fọ́tò tí fóònù yà lè fẹ̀ tó píksẹ́lì 4000 (píksẹ́lì ni àmì àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) kó sì ga tó 3000, èyí tó jẹ́ píksẹ́lì mílíọ̀nù 12, tí fáìlì rẹ̀ á sì wúwo tó mẹ́gábáìtì bíi mélòó kan. Ká ní àyè tí a fẹ́ fi í sí lórí ojú-ìwé kò fẹ̀ ju píksẹ́lì 800 lọ. Àyè náà kò lè gbà ju 800 sí 600 lọ, ìyẹn píksẹ́lì 480,000, èyí tó túmọ̀ sí pé àlejò ń san dátà lórí ìlọ́po 25 ohun tí ojú rẹ̀ lè rí. Wàhálà náà kò sì parí síbẹ̀, nítorí fóònù ní láti tú fọ́tò náà sílẹ̀ nínú mẹ́mórì rẹ̀ ní báìtì 4 fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan: mẹ́gábáìtì 48 fún fọ́tò odidi, kò sì tó 2 fún èyí tí a ti gé sí ìwọ̀n àyè rẹ̀. Bí ojú fóònù bá jẹ́ irú èyí tó ń fi píksẹ́lì méjì sí àyè ẹyọ kan ní fífẹ̀ àti ní gíga, 1600 sí 1200 ti tó o, ìyẹn kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́fà fọ́tò odidi. Àmì <code>srcset</code> ń jẹ́ kí oníkànnì gbé oríṣiríṣi ìwọ̀n fọ́tò kan náà sílẹ̀ kí bráúsà fúnra rẹ̀ mú èyí tó bá ojú ẹ̀rọ mu.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ tí ó yẹ kí a là yé. Fífi eku kọ̀ǹpútà fa igun àwòrán kí ó kéré níbi tí a ti ń kọ ojú-ìwé, tàbí kíkọ ọ́ sínú CSS pé kí ó fẹ̀ ní 800, kò dín báìtì kan kù nínú fáìlì náà. Bí ó ṣe wúwo lórí sáfà náà ni yóò ṣe dé ọwọ́ àlejò, kí bráúsà tó wá ṣẹ́ ẹ kéré lójú. Fáìlì náà gan-an ni a gbọ́dọ̀ gé kí a tó gbé e sórí ìkànnì.

Oríṣi fáìlì náà tún ṣe pàtàkì. JPEG, tó ti wà láti 1992, bá fọ́tò mu; PNG bá àwòrán tó ní ìlà ṣíṣe kedere àti ọ̀rọ̀ mu, fífi fọ́tò pamọ́ sínú rẹ̀ sì máa ń sọ ọ́ di ẹrù ńlá láìnídìí. WebP, tí Google gbé jáde ní 2010, máa ń kéré ju JPEG lọ ní ìdá 25 sí 34 nínú ọgọ́rùn-ún bí ẹwà wọn bá dọ́gba, gẹ́gẹ́ bí àyẹ̀wò Google fúnra rẹ̀. AVIF, tó dé ní 2019, sábà máa ń kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwòrán tó wà ní ìsàlẹ̀ ojú-ìwé kò ní láti dé títí àlejò yóò fi sún mọ́ ọn. Àmì <code>loading="lazy"</code>, tí bráúsà Chrome bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ní 2019, ló ń ṣe èyí, WordPress, ètò tí a fi ń kọ́ ìkànnì, sì ń fi í sí àwòrán fúnra rẹ̀ láti ẹ̀dà 5.5 ti ọdún 2020. Kò yẹ kí ó wà lára àwòrán ńlá tó kọ́kọ́ ń hàn lókè, nítorí ńṣe ni yóò dá ohun tí àlejò ń dúró dè gan-an dúró. Bákan náà, ó yẹ kí a kọ fífẹ̀ àti gíga àwòrán kọ̀ọ̀kan sínú HTML kí bráúsà lè fi àyè sílẹ̀ dè é; bí a kò bá kọ ọ́, àwòrán á dé lójijì, á ti ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀, ẹni tó fẹ́ tẹ ìjápọ̀ kan á sì lọ tẹ òmíràn.

Kóòdù àti ohun tí a yá láti ibòmíràn

Ní 2007, Steve Souders, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yahoo nígbà náà, fi hàn pé ìdá 80 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò tí àlejò fi ń dúró kì í lọ sórí sáfà, bí kò ṣe sórí ohun tí bráúsà ń gbà tó sì ń ṣe lẹ́yìn tí HTML bá ti dé. JavaScript ti di pàtàkì nínú èyí ju bó ṣe rí nígbà náà lọ. Kílóbáìtì 200 JavaScript kò dọ́gba pẹ̀lú kílóbáìtì 200 fọ́tò, nítorí bráúsà ní láti ka kóòdù náà, kó túmọ̀ rẹ̀, kó sì ṣe é, òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo nínú bráúsà ló sì ń ṣe púpọ̀ nínú èyí, tó tún jẹ́ òun náà ló ń dá ìka àlejò lóhùn. Iṣẹ́ kan tó bá gbà á ju mílísẹ́kọ́ǹdì 50 lọ ni wọ́n ń kà sí iṣẹ́ gígùn, torí pé bí àlejò bá tẹ nǹkan láàárín rẹ̀, yóò dúró.

Púpọ̀ nínú irú kóòdù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti oníkànnì. Ìpolówó ọjà, bọ́tìnnì ìpín-fún-ọ̀rẹ́, ẹ̀rọ tó ń ka iye àlejò, fídíò tí a so mọ́ ojú-ìwé: olúkúlùkù wọn ń wá láti sáfà ọ̀tọ̀, pẹ̀lú DNS àti ìkíni tirẹ̀. Ìtọ́jú tó dára jù fún wọn ni yíyọ wọn kúrò. Àwọn plugin, ìyẹn ètò àfikún tí a ń so mọ́ ìkànnì, pàápàá sábà máa ń wà lórí ìkànnì lẹ́yìn tí ẹni tó fi wọ́n síbẹ̀ ti gbàgbé ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe, wọ́n á sì máa kó CSS àti JavaScript wọn wá sí gbogbo ojú-ìwé, títí kan èyí tí kò lò wọ́n rárá. Ní ti fídíò, a lè fi àwòrán rẹ̀ kan àti àmì ìbẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, kí fídíò fúnra rẹ̀ má wá àfi ìgbà tí àlejò bá tẹ̀ ẹ́.

Fọ́ǹtì, ìyẹn fáìlì ìrísí lẹ́tà, tí a gbé wá láti ìta náà ní ẹrù tirẹ̀. Fáìlì WOFF2 ló kéré jù, <code>font-display: swap</code> sì ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ hàn pẹ̀lú fọ́ǹtì ẹ̀rọ kí èyí tí a ń retí tó dé. Àwọn mìíràn máa ń gé àwọn lẹ́tà tí wọn kò lò kúrò nínú fọ́ǹtì. Ẹni tó bá ń ṣe èyí fún èdè tó ní àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ rí i pé òun kò gé wọn dànù, kí lẹ́tà tí kò bára mu má bàa kún inú ọ̀rọ̀.

Sáfà, ìpamọ́ àti jíjìn

Ètò bíi WordPress máa ń fi èdè kóòdù PHP àti àkójọ dátà kọ́ ojú-ìwé lákọ̀tun fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kódà bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò bá yí padà fún oṣù kan. Bí a bá pa HTML tó ti jinná mọ́, tí a sì ń fi í fún àlejò tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ yẹn yóò dópin. Ojú-ìwé tó ń fi orúkọ tàbí ìsanwó ẹni tó wọlé hàn kò gbọ́dọ̀ wà nínú irú ìpamọ́ yìí, kí ti ẹnì kan má bàa hàn sí ẹlòmíràn.

Bráúsà náà ní àká tirẹ̀. Bí sáfà bá fi <code>Cache-Control: max-age=31536000</code> ránṣẹ́ pẹ̀lú fáìlì kan, ìyẹn iye ìṣẹ́jú àáyá tó wà nínú ọdún kan, àlejò tó bá padà wá kò ní béèrè rẹ̀ mọ́. Ohun tí èyí ń béèrè ni pé kí a yí orúkọ fáìlì padà nígbàkígbà tí a bá tún un ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ti àtijọ́ ni àwọn àlejò yóò máa rí. HTML, CSS àti JavaScript tún yẹ kí a fún pọ̀ pẹ̀lú gzip, tó ti wà láti 1992, tàbí Brotli ti Google kí wọ́n tó kúrò lórí sáfà. JPEG kò nílò rẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ fífúnpọ̀.

Ní ti jíjìn, ojútùú rẹ̀ ni CDN, àkójọ sáfà tó wà káàkiri ayé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú ẹ̀dà àwọn fáìlì ìkànnì kí èyí tó sún mọ́ àlejò jù lè dá a lóhùn. Akamai, tí Tom Leighton àti Daniel Lewin dá sílẹ̀ ní 1998 láti inú iṣẹ́ ìwádìí wọn ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di òwò.

Wíwọn ìyára

Kí ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, ó yẹ kó wọn ojú-ìwé rẹ̀, kó má bàa lo ọjọ́ kan lórí ohun tí kò fa ìdúró kankan. Irinṣẹ́ ìwọ̀n tó ń jẹ́ Lighthouse wà nínú Chrome fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó, òmíràn tó ń jẹ́ WebPageTest, tí Patrick Meenan bẹ̀rẹ̀ nígbà tó wà ní ilé-iṣẹ́ AOL, sì máa ń ya àtẹ tó fi gbogbo ìbéèrè hàn ní títò-tẹ̀léra, èyí tí ojú ènìyàn á ti rí fáìlì tó ń dá ìyókù dúró kíákíá. Àyẹ̀wò tí a ṣe lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo yàtọ̀ sí ohun tí àwọn àlejò gidi ń rí, nítorí fóònù àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn kì í ṣe bákan náà.

Google ti ń ka ìyára mọ́ ohun tó fi ń to èsì ìwárí láti 2010, ó sì fi ti fóònù kún un ní 2018. Ní 2020 ó kéde òdiwọ̀n mẹ́ta tó pè ní Core Web Vitals. LCP ń wọn ìgbà tí ohun tó tóbi jù lójú ìwé hàn, ó sì yẹ kí ó má kọjá ìṣẹ́jú àáyá 2.5. INP, tó rọ́pò òdiwọ̀n àtijọ́ tó ń jẹ́ FID ní oṣù kẹta 2024, ń wọn bí ojú-ìwé ṣe tètè dá ìka lóhùn, ó yẹ kí ó má kọjá mílísẹ́kọ́ǹdì 200. CLS ń wọn bí nǹkan ṣe ń ta kúrò ní àyè wọn, 0.1 sì ni ààlà tirẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lo Chrome ni iye wọ̀nyí ti ń wá, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àbẹ̀wò sì gbọ́dọ̀ wà láàárín ààlà kí ojú-ìwé tó yege. Àbẹ̀wò ọjọ́ 28 tó kọjá ni wọ́n ń kó jọ, nítorí náà àtúnṣe tí ènìyàn ṣe lónìí, bí àlejò tilẹ̀ ti ń jẹ àǹfààní rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò ní hàn tán nínú iye náà títí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yóò fi pé.