Háàpù Tó Ń Rìnrìn Àjò: Afẹ́fẹ́ Ló Ń Bà Á Jẹ́ Ju Ọ̀nà Lọ

Háàpù ńlá, ohun èlò orin olókùn tí wọ́n ń fi ìka ta, irú èyí tí ẹgbẹ́ olórin ńlá ilẹ̀ Yúróòpù ń lò, ní okùn 47, àpapọ̀ agbára tí wọ́n sì fi ń fa igi rẹ̀ sún mọ́ kílò 900. Ìfà yìí kì í sinmi, kódà kó wà nínú àpò. Òun ló ń jẹ́ kí pákó àyà rẹ̀, igi spruce tó fẹ́lẹ́, máa yọ ikùn díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Lílà ni àìsàn.

Igi ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Tó bá mu ún, ìbú rẹ̀ ló ń wú. Gígùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Afẹ́fẹ́ tí ọ̀rinrin rẹ̀ wà láàárín ìdá 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló bá a lára mu. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná nígbà òtútù ní Yúróòpù máa ń gbẹ afẹ́fẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀: pákó á sún kì, á là gba ojú ìlà igi, èèkàn tó di okùn mú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Onílù dùndún kò nílò àlàyé púpọ̀ níbí: òjò rọ̀, awọ dẹ̀, ọyẹ́ dé, awọ le. Okùn tí wọ́n fi ìfun ẹran ṣe náà ń mu omi bíi ti awọ, ó sì lè ṣàdédé já lóru láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Fún ìrìn àjò, háàpù kékeré olókùn 34 tàbí 36 ló rọrùn láti gbé. Kí wọ́n tó fi àpò bò ó, gbogbo irin kékeré tó ń gbé ohùn okùn sókè ní láti wà nísàlẹ̀, kó má baà máa tẹ okùn. Àṣìṣe gbáà ni kí wọ́n dẹ gbogbo okùn tán: igi náà ti bá ìfà mọ́ra, ọjọ́ mélòó kan ni yóò sì gbà kó tó tún fara balẹ̀. Ooru ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn burú ju ojú ọ̀nà tó ń gbọ̀n lọ, torí ó ń rọ gọ́ọ̀mù, oríkèé igi á sì ṣí.

Tí wọ́n bá débi eré, kó wà nínú àpò fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, kó bá ibẹ̀ mu. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tún ohùn rẹ̀ ṣe, lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n ṣe ń le okùn kan ni àyà igi ń tẹ̀, tí ohùn àwọn tó kù ń wálẹ̀.

Tí okùn bá já, láti inú ihò ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ki tuntun wọlé. Wọ́n á ta kókó sí ìdí rẹ̀, wọ́n á fi ègé okùn tó nípọn há inú kókó náà kó má baà yọ, wọ́n á fà á gba ojú pákó lọ sókè, wọ́n á wé e mọ́ èèkàn ní ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin. Èèkàn náà tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìkángun kan, nítorí náà bí wọ́n ṣe ń yí i ni wọ́n ń tì í wọlé. Okùn tuntun kì í dúró lójú kan: fún ọjọ́ mélòó kan, léraléra ni wọ́n á máa le é. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ kì í fi í pààrọ̀ okùn ní àárọ̀ ọjọ́ eré àyàfi tó bá já.