Ẹ̀tọ́ àwọn tó ń gba ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní Èkó

Ẹ̀tọ́ àwọn tó ń gba ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní Èkó dúró lórí ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, òfin ìlera ọpọlọ, àti àdéhùn àgbáyé lórí àwọn abirùn. Ó kan ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹbí, ọlọ́pàá tàbí kóòtù gbé wá ló kàn jù, nítorí wọ́n lè tì í mọ́lé láìjẹ́ pé ó ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ìtàn

Ní 1906 ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin lórí àwọn tí wọ́n kà sí wèrè ní apá gúúsù. Ní 1907, wọ́n ṣí ilé kan fún wọn ní Yábàá. Ìsémọ́lé ló pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà ju ìwòsàn lọ. Ilé náà ló di Federal Neuro-Psychiatric Hospital, tí ọ̀pọ̀ ará Èkó mọ̀ sí Yaba Left, tó sì ní ẹ̀ka ní Òṣòdì. Lábẹ́ òfin àtijọ́ yìí, bí dókítà bá ti jẹ́rìí, májísíréètì lè pàṣẹ pé kí wọ́n fi èèyàn sí àhámọ́. Ohun tó tọ́ sí onítọ̀hún lẹ́yìn tí wọ́n bá tilẹ̀kùn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú òfin náà rárá.

Àhámọ́ àti ìwé òfin

Abala 35 ìwé òfin gbà pé wọ́n lè gba òmìnira lọ́wọ́ ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ṣùgbọ́n nítorí ìtọ́jú rẹ̀ tàbí ààbò àwùjọ nìkan, ní ìlànà tí òfin là sílẹ̀. Gbólóhùn yìí ṣe pàtàkì gan-an. Ẹni tí wọ́n tì mọ́lé tí wọn kò tọ́jú lè bi kóòtù léèrè ìdí tó fi wà níbẹ̀. Abala 34 ní tirẹ̀ ka ìdálóró àti ìwà tó ń tẹ́ni léèwọ̀, kò sì yọ aláìsàn sílẹ̀. Abala 46 ló ṣílẹ̀kùn ilé ẹjọ́ gíga fún ẹni tí wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú. Níwọ̀n bí ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù kò ti lè jáde lọ wá lọ́yà, ìlànà ilé ẹjọ́ ti 2009 lórí ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn gba ẹlòmíràn tàbí ẹgbẹ́ láyè láti pe ẹjọ́ lórúkọ rẹ̀. Office of the Public Defender ti ìpínlẹ̀ Èkó máa ń gba ẹjọ́ ẹni tí kò lówó rò lọ́fẹ̀ẹ́.

Òfin tuntun

Ní oṣù kìíní 2023 ni ààrẹ buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ ti 2021, tó rọ́pò òfin àtijọ́. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìfọwọ́sí aláìsàn kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, àṣírí rẹ̀, àti ìgbìmọ̀ tí yóò máa yẹ ọ̀ràn àwọn tí wọ́n gbà wọlé lódì sí ìfẹ́ wọn wò. Síbẹ̀, ó ṣì fàyè gba kí wọ́n fi tipátipá gba èèyàn sílé ìwòsàn. Ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN) tó ń mójú tó àdéhùn àwọn abirùn, àdéhùn tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2007 tó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2010, kò fara mọ́ irú ìyẹn.

Ibòmíràn

Ìjábọ̀ Human Rights Watch, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ti 2019 rí àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nílé ìtọ́jú àwọn Mùsùlùmí àti nílé ìwòsàn ìjọba káàkiri Nàìjíríà.

Ní ti ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀, òfin ìwà ọ̀daràn àtijọ́ fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan sí i. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ní kí kóòtù pàṣẹ pé kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn.