Jíìnì histone kì í ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru

Ìgbàgbọ́ kan wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń kọ́ nípa sẹ́ẹ̀lì, kódà mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń kọ́ ẹlòmíràn: pé jíìnì histone kì í sinmi. Àlàyé wọn ni pé DNA kì í kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì, histone, ìyẹn irú purotéènì kan, ni DNA sì ń wé mọ́, nítorí náà dandan ni kí sẹ́ẹ̀lì máa ṣe histone nígbà gbogbo. Ọ̀rọ̀ náà bá làákàyè mu, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó fà á ni pé wọ́n da wíwà pọ̀ mọ́ ṣíṣe. Lóòótọ́, ìgbàkígbà téèyàn bá yẹ inú nucleus, ìyẹn ibi tí DNA ń gbé nínú sẹ́ẹ̀lì, wò, yóò bá histone níbẹ̀. Ṣùgbọ́n histone tó ti jókòó sórí DNA kì í tètè bàjẹ́. Ó lè wà níbẹ̀ títí sẹ́ẹ̀lì yóò fi pín, kó sì bá DNA lọ sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ọmọ. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ni pé, ìgbà wo ni sẹ́ẹ̀lì ń ṣe tuntun?

Ìpele S ni, ìyẹn àsìkò tó ń ṣe ẹ̀dà DNA rẹ̀. Lọ́dún 1967, àwọn olùwádìí Robbins àti Borun yẹ sẹ́ẹ̀lì HeLa, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ èèyàn tí wọ́n ń tọ́jú nínú ilé ìwádìí, wò, wọ́n sì rí i pé ìṣe DNA àti ìṣe histone jọ ń rìn ni. Bí DNA bá bẹ̀rẹ̀, histone náà á bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fi oògùn dá ti DNA dúró, ti histone náà á dúró. Iṣẹ́ ọ̀hún kì í ṣe kékeré. DNA inú sẹ́ẹ̀lì èèyàn kan gùn tó mítà 2. Ìdì histone kan ní H2A, H2B, H3 àti H4 nínú, méjì-méjì, DNA tó gùn tó lẹ́tà 147 sì ń wé mọ́ ọn. Tí DNA bá di ìlọ́po méjì, àwọn histone àtijọ́ á pín sára ẹ̀dà méjèèjì, àlàfo tó bá kù sì di ti histone tuntun. Láàárín nǹkan bíi wákàtí 8, sẹ́ẹ̀lì ní láti pèsè ìdì tó tó mílíọ̀nù 30, ìyẹn histone tó lé ní mílíọ̀nù 200. Kò yani lẹ́nu pé jíìnì histone ìpele S tó wà lára wa lé ní 60, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kóra jọ sójú kan lórí kírómósómù 6, tí àwọn díẹ̀ sì wà lórí kírómósómù 1.

Ta ló ń jí wọn? Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ wọ ìpele S, cyclin E àti CDK2, àwọn purotéènì tó ń darí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín, á lẹ fọ́síféètì mọ́ purotéènì kan tó ń jẹ́ NPAT, tó ń gbé lẹ́bàá àwọn jíìnì wọ̀nyí. NPAT á wá mú kí kíkọ mRNA wọn, ìyẹn ẹ̀dà jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì ń kà láti fi ṣe purotéènì, yára sí i.

Ibí ni ọ̀pọ̀ àlàyé máa ń parí sí, ó sì ń dùn mí, torí pé ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Nínú sẹ́ẹ̀lì ẹranko afọ́mọlọ́mú, kíkọ mRNA kàn ń fi ìlọ́po 3 sí 5 pọ̀ sí i ní ìpele S. Àmọ́ mRNA histone fúnra rẹ̀ ń pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìlọ́po 35. Ibo ni ìyókù ti wá?

Láti ìdí mRNA ni. Ọ̀pọ̀ jù lọ mRNA sẹ́ẹ̀lì wa ló ní ìrù gígùn tó jẹ́ kìkì lẹ́tà A. mRNA histone ìpele S kì í sábà ní in. Dípò ìrù, ìdí rẹ̀ ká padà bá ara rẹ̀, ó di òpó kúkúrú: lẹ́tà mẹ́fà dojú kọ mẹ́fà, mẹ́rin sì yí po lórí wọn. Purotéènì SLBP ló mọ òpó yìí, òun ló ń dì í mú. RNA kékeré kan tó ń jẹ́ U7 á so mọ́ ìwájú òpó náà, ibẹ̀ ni wọ́n á sì ti gé mRNA náà. Purotéènì tó ń gé e, CPSF73, òun náà ló ń gé àwọn mRNA tó ní ìrù A. SLBP kì í fi mRNA náà sílẹ̀ lẹ́yìn èyí. Ó ń bá a jáde nínú nucleus, ó sì ń ràn án lọ́wọ́ kí wọ́n lè fi ṣe purotéènì. Láìsí SLBP, iṣẹ́ ò lè lọ déédéé.

Ohun tó yẹ ká fi sọ́kàn nìyẹn, torí sẹ́ẹ̀lì kì í jẹ́ kí SLBP pẹ́. Bí ìpele S bá ti ń parí, cyclin A àti CDK1 á sàmì sí i, wọ́n á sì lọ̀ ọ́ kúnná. mRNA histone náà á pa rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ lè rí ìparẹ́ yìí kedere bí ẹ bá fi hydroxyurea sí sẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín ìpele S. Oògùn yìí ń dá ìṣe DNA dúró. Kò ní pé wákàtí kan tí èyí tó pọ̀ jù nínú mRNA histone fi máa pòórá, bẹ́ẹ̀ ìpele S ò tíì parí. Sẹ́ẹ̀lì á fi lẹ́tà U díẹ̀ sí ìdí mRNA náà, àwọn purotéènì Lsm1 títí dé Lsm7 á di U náà mú, ìparun á sì bẹ̀rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì mọ̀ọ́mọ̀ ń pa mRNA yìí run ni, kò dúró kó kú fúnra rẹ̀.

Kí ló dé tó fi le tó bẹ́ẹ̀? Histone kún fún lysine àti arginine, ìyẹn méjì lára àwọn ámínò ásíìdì tí a fi ń kọ́ purotéènì, iná mànàmáná tó wà lára rẹ̀ sì jẹ́ ti rere. DNA àti RNA ní ti òdì. Histone tí kò bá ríbi jókòó á máa lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tó bá bá pàdé. Nínú ìwúkàrà, bí ìwọ̀n H2A àti H2B kò bá bá ti H3 àti H4 dọ́gba, sẹ́ẹ̀lì máa ń sọ kírómósómù nù nígbà tó bá ń pín. Ìwúkàrà tiẹ̀ ní purotéènì Rad53, tó ń ṣọ́ histone àṣẹ́kù kí wọ́n lè pa á run. Bí histone bá sì kéré jù, ìṣe DNA á falẹ̀.

Ṣé irọ́ pátápátá wá ni ìgbàgbọ́ náà? Rárá. Àwọn histone kan wà tí kì í tẹ̀ lé ìpele S. H3.3 ni mo fẹ́ mú: lẹ́tà ámínò ásíìdì márùn-ún péré ló fi yàtọ̀ sí H3.1, jíìnì rẹ̀ ní intron (apá tí wọ́n ń gé kúrò nínú ẹ̀dà RNA rẹ̀), mRNA rẹ̀ ní ìrù A, sẹ́ẹ̀lì sì ń ṣe é nígbàkígbà láti fi dípò èyí tó bá jábọ́ lára DNA. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí kì í pín mọ́ ń lò ó gan-an. Nínú eku, ó ń pọ̀ sí i bí ẹranko náà ṣe ń dàgbà. Ẹyin àkèré náà yàtọ̀: ó ti to histone jọ kó tó gba àtọ̀, torí pé ọlẹ̀ rẹ̀ ń pín kíákíá ju ohun tí jíìnì rẹ̀ lè pèsè lọ.

Fún ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò RNA, èyí kan yín tààrà. Bí ẹ bá fi ìrù A fa mRNA jáde, èyí tó pọ̀ jù nínú mRNA histone ò ní sí níbẹ̀, ẹ ó sì rò pé jíìnì ti kú. Ẹ lo ọ̀nà tó ń yọ rRNA, ìyẹn RNA inú ríbósómù, kúrò dípò rẹ̀. Bí mRNA histone bá wá pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì kan ju òmíràn lọ, ẹ kọ́kọ́ ka iye sẹ́ẹ̀lì tó wà ní ìpele S nínú àwọn méjèèjì kí ẹ tó sọ pé oògùn tàbí àìsàn ló jí jíìnì náà.