Pípa àwòrán orí desktop rẹ́ kọ́ ni uninstall o

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fi máòsì tẹ àwòrán kékeré tó wà lójú desktop (ojú àkọ́kọ́ tí ẹ ń rí tí kọ̀ǹpútà bá tàn), wọ́n á mú Delete, wọ́n á sì gbà pé sọ́fítíwíà yẹn ti kúrò nínú kọ̀ǹpútà nìyẹn. Kò lọ síbì kankan o. Shortcut ni wọ́n ń pe àwòrán yẹn, fáìlì bíńtín ni, nǹkan tó wà nínú ẹ̀ ò sì ju àdírẹ́ẹ̀sì ibi tí sọ́fítíwíà gan-an wà lọ, ẹni tó bá pa á rẹ́ kàn yọ pátákó ṣọ́ọ̀bù kúrò lójú títì ni, ọjà ṣì kún inú ṣọ́ọ̀bù bámúbámú. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè nu gbogbo ojú desktop mọ́ tónítóní kí drive C yín, ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú fáìlì sí, ṣì máa pọ́n kòò pé òun ti kún.

Kí uninstall, ìyẹn yíyọ sọ́fítíwíà kúrò, tó lè yé èèyàn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo nǹkan tí install, ìyẹn gbígbé e sórí kọ̀ǹpútà, ń ṣe. Windows ni mo máa fi ṣàlàyé torí òun ló wà lórí kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ wa. Tí ẹ bá dáńlóòdù setup.exe, tàbí fáìlì tí orúkọ ẹ̀ parí sí .msi, ìyẹn fúnra ẹ̀ kọ́ ni sọ́fítíwíà tí ẹ fẹ́ lò, àwọn fáìlì ni wọ́n fún pọ̀ sínú ẹ̀, pẹ̀lú ètò kékeré kan tó mọ ibi tó yẹ kó kó oníkálukú sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, Windows á bi yín bóyá ẹ gbà kó ṣe àyípadà sí kọ̀ǹpútà yín (látìgbà Windows Vista ni ìbéèrè yẹn ti wà, ní 2007), ẹ ní Yes, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pín wọn káàkiri. Èyí tó pọ̀ jù lọ máa ń wọ C:\Program Files, tó bá jẹ́ sọ́fítíwíà 32-bit, irú ti àtijọ́, á wọ Program Files (x86). Ètò tí ẹ̀yin fúnra yín bá ṣe sí i lẹ́yìn náà (settings), ìyẹn bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí, fáìlì tí ẹ ṣí kẹ́yìn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, inú AppData ló ń lọ, fódà kan tí Windows fi pamọ́ sábẹ́ orúkọ yín. Òmíì á tún ju nǹkan sínú ProgramData, òmíì á fi ọmọ iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa dìde fúnra ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ó máa wá kọ orúkọ ara ẹ̀ sínú Registry, ibi tí Windows ń kọ ohun gbogbo sí: ibi tí sọ́fítíwíà wà, irú fáìlì tó lè ṣí, àti àṣẹ tí wọ́n máa fi yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ iwájú.

Ayé DOS, ètò tí kọ̀ǹpútà ń lò kí Windows tó gbòde, ò le tó báyìí. Tí ẹ bá fẹ́ ètò kan, ẹ máa ń dà á kọ sínú fódà kan, tó bá sú yín ẹ pa fódà yẹn rẹ́, ó tán. Windows 95 ló gbé Registry sí àárín gbùngbùn ní 1995, nínú Control Panel Windows kan náà yẹn la sì ti rí Add/Remove Programs, torí nǹkan tí wọ́n bá ti tú ká síbi púpọ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó máa rántí ibi tó wà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé. Windows fúnra ẹ̀ kì í sábà mọ gbogbo nǹkan tí sọ́fítíwíà kan kó wọlé. Ètò tó ṣe install ló máa ń kọ àkọsílẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ, pé mo gbé èyí síbí, mo kọ tọ̀hún sọ́hùn-ún, uninstall á wá ka àkọsílẹ̀ yẹn á sì máa kó wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ lọ wo inú fódà oríṣiríṣi sọ́fítíwíà nínú Program Files, ẹ máa rí méjì kan tó ń jẹ́ unins000.exe àti unins000.dat. Àwọn tí wọ́n fi Inno Setup, ohun èlò kan tí wọ́n fi ń ṣe fáìlì setup, ṣe ni. Èyí tó parí sí .dat ni àkọsílẹ̀, èyí tó parí sí .exe ló ń kà á. Orúkọ tí ẹ ń rí nínú Settings, Windows kàn kà á látinú Registry ni, tí ẹ bá tẹ Uninstall, nǹkan tó ń ṣe ò ju pé ó pe àṣẹ tí sọ́fítíwíà yẹn ti fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó bá wá wọ inú Program Files lọ, tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ pa gbogbo fódà rẹ́, ṣé ẹ rí i pé ó ti pa ẹni tó mọ̀nà rẹ́ pẹ̀lú. Orúkọ á ṣì wà nínú lísìtì, ẹ tẹ̀ ẹ́, Windows á ní bóyá wọ́n ti yọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni, ṣé kí òun kàn yọ orúkọ ẹ̀ kúrò níbẹ̀. Àwọn nǹkan tó wà nínú AppData àti Registry ò ní kúrò o. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ tún install ẹ̀dà kan náà lé e lórí, kí ẹ wá uninstall ẹ̀ bó ṣe yẹ. Àwọn .msi ní tiwọn, C:\Windows\Installer ni Windows ń tọ́jú ẹ̀dà wọn sí, fódà tó fara pamọ́ ni, ó sì lè wúwo gan-an, ẹni tó bá ń wá àyè lójú méjèèjì á rí i, á ní kí lèyí ń ṣe níbí, á pa á rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dán an wò. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ update tàbí uninstall sọ́fítíwíà yẹn, á ní òun ò rí fáìlì .msi tí òun fẹ́ lò, wàhálà dé nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ò le rárá. Ní Windows 11, Settings, Apps, Installed apps, ẹ wá orúkọ ẹ̀, ẹ tẹ àmì tóótó mẹ́ta (…) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, Uninstall. Ní Windows 10, Apps & features ni wọ́n pè é. Ẹ kọ́kọ́ close sọ́fítíwíà yẹn ná, kí ẹ sì wo ẹ̀gbẹ́ aago nísàlẹ̀ bóyá ó ṣì ń sápamọ́ síbẹ̀, torí Windows kì í jẹ́ kí wọ́n pa fáìlì tí ẹnì kan ṣì ń lò rẹ́. Tó bá ní kí ẹ restart, ẹ restart jàre, ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá tún ń tan ló máa pa àwọn fáìlì tó ṣẹ́ kù rẹ́.

Síbẹ̀ náà, uninstall kì í sábà kó gbogbo ẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń fi settings tó wà nínú AppData sílẹ̀ ni, kí nǹkan yín lè wà bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá padà wá. Ìyẹn dáa, àmọ́ òun náà ló ń fà á tí sọ́fítíwíà tó ń ṣe wèrè, tí ẹ yọ, tí ẹ tún dá padà, á tún bẹ̀rẹ̀ wèrè kan náà. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ di bọ́tìnnì Windows àti R mú, ẹ kọ %appdata%, ẹ wá fódà tó ń jẹ́ orúkọ sọ́fítíwíà yẹn, ẹ tún wo %localappdata%. Ẹ rọra o, inú ibẹ̀ náà ni àwọn búráúsà ń tọ́jú páswọ́ọ̀dù àti bookmark yín sí.

Nǹkan míì tó máa ń ṣe èèyàn ní kàyéfì ni Microsoft Visual C++ tó máa ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú lísìtì, ti 2010, ti 2013, ti 2015 sókè. Ẹ lè ní ẹ ò mọ̀gbà tí ẹ install wọn, lóòótọ́ ẹ ò install wọn, sọ́fítíwíà míì ló mú wọn wá, ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ló sì ń lo wọn pa pọ̀. Ẹni tó bá ń yọ wọn kí àyè lè wà, èrè ẹ̀ ni kí géèmù tó ṣiṣẹ́ lánàá kọ̀ ọ́ lónìí, kó ní òun ò rí MSVCP140.dll, ọ̀kan lára àwọn fáìlì wọn.

Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní UPS lẹ ń lò, tí iná wá lọ láàárín install, ọkàn yín lè fò, àmọ́ ẹ tún setup kan náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ni, lọ́pọ̀ ìgbà ó máa bo èyí tó já sí àárín mọ́lẹ̀. Ní ti dátà, ẹ mọ̀ pé setup tó kéré bíńtín sábà máa ń lọ fa ìyókù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá èyí tí wọ́n pè ní offline installer, tí gbogbo fáìlì ti pé sínú ẹ̀, tí ẹ bá fẹ́ fi flash kan gbé e sórí kọ̀ǹpútà púpọ̀.

Àti àwọn tó ń sáré tẹ Next, Next, Next bí ẹni tí wọ́n ń lé. Toolbar tí ẹ ò bèèrè fún, ìlà bọ́tìnnì tó máa ń lẹ̀ mọ́ búráúsà, ojú ibẹ̀ ló ń gbà wọlé. Java gan-an, ètò ilé iṣẹ́ Oracle tí àwọn sọ́fítíwíà míì ń lò, ó ní ìgbà tí Ask Toolbar ń bá a wọlé tí ẹ ò bá yọ àmì kúrò nínú àpótí ẹ̀. Ẹ mú Custom, ẹ kà á. Àwọn tó ń polówó pé àwọn máa fọ Registry yín mọ́ kí kọ̀ǹpútà lè yá, ẹ gbàgbé wọn, Microsoft ò fọwọ́ sí irú ẹ̀, kò sì ní fọwọ́ sọ̀yà pé òun á lè tún un ṣe tó bá ba Windows yín jẹ́.

Lórí Mac, ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ò ju kí ẹ wọ́ ọ sínú Applications, tí ẹ bá sì fẹ́ yọ ọ́, ẹ wọ́ ọ sínú Trash, àmọ́ settings ẹ̀ ṣì máa wà nínú fódà Library. Lórí Ubuntu àti Debian, tí wọ́n jẹ́ oríṣi Linux, àṣẹ apt remove máa ń yọ sọ́fítíwíà á sì fi fáìlì settings ẹ̀ sílẹ̀ sínú fódà /etc, apt purge ló ń kó ìyẹn náà, ṣùgbọ́n èyí tó bá wà nínú fódà home yín, kò sí èyí tó máa fọwọ́ kàn án nínú àwọn méjèèjì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ pa á rẹ́.