Bí wọ́n ṣe ń fi sílébù àkọ́kọ́ wá orin Jàpáànì

Ẹni tó bá ṣí ìwé orin kàràókè ní Jàpáànì láti wá orin tí àkọlé rẹ̀ fi "chi" bẹ̀rẹ̀ kò ní rí abala C níbẹ̀. Ìsọ̀rí "ta" ni yóò gbà lọ. Sílébù ni wọ́n fi ń to orúkọ orin níbẹ̀, kì í ṣe lẹ́tà ABD. Tábìlì tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni gojūon, ìyẹn "àádọ́ta ìró".

Ìlà mẹ́wàá ló wà nínú tábìlì náà. Fáwẹ́lì márùn-ún ló ṣíwájú: a, i, u, e, o. Bí wọ́n ṣe tò yẹn náà ni ìlà yòókù ń tò: ka, ki, ku, ke, ko, lẹ́yìn náà sa, ta, na, ha, ma, ya, ra àti wa. Wọ́n máa ń há a sórí láìmí sáàárín: a-ka-sa-ta-na, ha-ma-ya-ra-wa. Bó tilẹ̀ ń jẹ́ àádọ́ta, sílébù 46 ló wà nínú rẹ̀ lónìí, nítorí ìlà ya ní mẹ́ta péré, ìlà wa ní méjì, "n" sì dá dúró sẹ́yìn gbogbo wọn. Ohun tó ń ṣi àlejò lọ́nà ni àwọn ìró tí kò jọ ará ilé wọn: "shi" ló wà ní ìlà sa níbi téèyàn ti ń retí "si", "chi" àti "tsu" wà ní ìlà ta, "fu" wà ní ìlà ha. Ìdí nìyẹn tí "Chijō no Hoshi" tí Nakajima Miyuki kọ ní 2000 àti "Tsugaru Kaikyō Fuyugeshiki" tí Ishikawa Sayuri kọ ní 1977 fi jọ wà ní ìlà kan náà, chi ṣáájú, tsu tẹ̀ lé e.

Nígbà kan rí, ètò míì tó ń jẹ́ iroha ni wọ́n sábà máa ń lò, ìyẹn ewì kan tó lo sílébù 47 láìpe ọ̀kankan lẹ́ẹ̀mejì. Genkai, ìwé atúmọ̀ èdè tí Ōtsuki Fumihiko gbé jáde láàárín 1889 sí 1891, wà lára àwọn tó lo gojūon dípò rẹ̀.

Kéèyàn mọ tábìlì yìí kò le. Kanji ni wàhálà wà. Àwọn àmì tí Jàpáànì yá lọ́wọ́ Ṣáínà yìí kì í sọ ìró wọn fún ẹni tó ń wò wọ́n, àmì kan ṣoṣo sì lè ní ọ̀nà kíkà méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ohun méjì ni wọ́n máa ń kọ sílẹ̀ fún orin kọ̀ọ̀kan: àkọlé bí olórin ṣe kọ ọ́, àti bí wọ́n ṣe ń kà á, tí wọ́n á fi kana nìkan kọ, ìyẹn àwọn àmì tó ń sọ ìró sílébù. Èkejì yìí ni wọ́n ń pè ní yomi, òun sì ni wọ́n fi ń to orin. Bí yomi bá ti ṣì, orin náà sọnù nìyẹn, bó tilẹ̀ wà nínú ìwé.

Ẹ wo àmì 紅, tó dúró fún irú àwọ̀ pupa kan. Wọ́n lè kà á sí "beni", wọ́n lè kà á sí "kurenai", wọ́n sì lè kà á sí "kō". Àmì yìí nìkan ni àkọlé orin tí ẹgbẹ́ X, tó wá di X Japan, gbé jáde ní 1989, "Kurenai" ni wọ́n sì ń pè é. Àmì yìí kan náà ló ṣíwájú nínú 紅蓮華 tí LiSA gbé jáde ní 2019, àmọ́ "Gurenge" ni tiẹ̀. Ẹni tó bá lọ wá èyíkéyìí nínú méjèèjì sí "beni", ìlà ha ni yóò bá ara rẹ̀, ọwọ́ òfo ni yóò sì mú bọ̀.

Ṣé "gu" wá ní ìlà tirẹ̀ ni? Rárá. Igi kéékèèké méjì tí wọ́n ń fi sí orí kana lápá ọ̀tún ló ń sọ か (ka) di が (ga), sa di za, ta di da, ha di ba. Òrùka kékeré ló ń sọ ha di pa. Bí wọ́n bá ń to orúkọ, wọn kì í kọ́kọ́ ka àwọn àmì yìí sí. Nítorí náà "Kurenai" àti "Gurenge" bá ara wọn dọ́gba ní sílébù kìíní àti ìkejì, ku-re. Ní ẹ̀kẹta, ọ̀kan ní "na", èkejì ní "n". "Na" ti wà nínú tábìlì kí a tó dé "n" tó wà ní ìparí, nítorí náà "Kurenai" ló ṣáájú. Ìgbà tí àkọlé méjì bá dọ́gba pátápátá nìkan ni wọ́n ń wo igi àti òrùka: èyí tí kò ní nǹkan kan ló ń ṣáájú, igi tẹ̀ lé e, òrùka gbẹ̀yìn. Abájọ tí "Zankoku na Tenshi no Tēze" ti 1995 fi wà ní ìlà sa.

Àwọn akéwì orin tún máa ń fún kanji ní kíkà tó bá wù wọ́n. 永遠, tó túmọ̀ sí ayérayé, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa kà sí "eien", ṣùgbọ́n "Towa ni" ni wọ́n ń ka 永遠に, orin tí The Gospellers gbé jáde ní 2000, ó sì ti kúrò ní ìlà a bọ́ sí ìlà ta. "Namida" ni omijé ní èdè Jàpáànì, ṣùgbọ́n "nada" ti èdè Okinawa, erékùṣù kan ní gúúsù Jàpáànì, ló wà nínú "Nada Sōsō" tí Natsukawa Rimi kọ ní 2001. Nọ́ńbà náà ní tiẹ̀. "3月9日" tí Remioromen kọ ní 2004 ni "Sangatsu Kokonoka" (ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta), ìlà sa. Èyí tó dára jù láti fi kọ́ ẹni tuntun ni "1/2" ti Kawamoto Makoto, 1997. Ení ni ojú kọ́kọ́ rí, àmọ́ èjì ni ẹnu kọ́kọ́ pè, "Nibun no Ichi", nítorí náà "ni" ni wọ́n tò ó sí.

Àkọlé tó jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ń di katakana, irú kana tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ àjèjì, kó tó wọlé. Ibí ni ilà gbọọrọ tó ń fa fáwẹ́lì gùn, ー, ti ń dá ìjà sílẹ̀. "First Love" ti Utada Hikaru (1999) di fu-a-ー-su-to. "Faito!" ti Nakajima Miyuki (1983) jẹ́ fu-a-i-to. Ìwé tó bá ka ilà náà sí fáwẹ́lì tó ṣíwájú rẹ̀ yóò gbà pé fu-a-a ni, "First Love" á sì ṣáájú. Ìwé tó bá fo ilà náà yóò gbà pé fu-a-su ni, "Faito!" ló sì máa ṣáájú. Ọ̀nà méjèèjì ló wà, nítorí náà ẹni tí kò bá rí orin níbi tó retí rẹ̀ kó yẹ ìsàlẹ̀ wò kó tó bínú.

"Ue o Muite Arukō" tí Sakamoto Kyū kọ ní 1961 ní ìdẹkùn méjì. "Sukiyaki" ni wọ́n pè é ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti gba ipò kìíní lórí àtẹ orin Billboard Hot 100 ní 1963, nítorí náà àwọn àjèjì máa ń wá a sí "su". "U" ló wà. Bákan náà, "o" àárín yẹn kì í ṣe "o" ti ìlà a, を ti ìlà wa ni. Ẹ̀rọ tó bá ń wo kíkọ nìkan kò ní mú un jáde fún ẹni tó tẹ u-e-o.

Láti ìgbà tí Inoue Daisuke ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ kàràókè rẹ̀ háyà ní Kobe ní 1971 ni irinṣẹ́ ti ń yí padà. Tẹ́ẹ̀pù ló kọ́kọ́ wà, ní 1992 ni èyí tí orin ń gba wáyà tẹlifóònù wọlé dé, ìwé ńlá tó ní nọ́ńbà orin sì ti fi àyè sílẹ̀ fún pátákó ìfọwọ́tẹ̀. Ìlànà wíwá orin kò yí padà. Sílébù méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ ló tó láti tẹ̀. Àtẹ̀parí ló ń bí àṣìṣe. Bí wíwá láti iwájú kò bá mú un, kí èèyàn bọ́ sí èyí tó ń wá níbikíbi nínú àkọlé, kó fi ọ̀rọ̀ tó dá a lójú wá a. Bí ìyẹn náà bá kọ̀, orúkọ olórin ló kù. Orúkọ olórin yìí náà ló ń ya àwọn tí àkọlé wọn jọra: "Hana" wà tí Taki Rentarō ṣe ní 1900, "Hana" wà tí Orange Range gbé jáde ní 2004, wọn kì í sì í ṣe méjì péré.

Àwọn ọ̀rẹ́ tó gba yàrá kàràókè tún máa ń fi sílébù yìí ta ayò tí wọ́n ń pè ní shiritori. Sílébù tó parí àkọlé orin ẹnì kan ni ẹni tó kàn gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n fẹnu kò lórí ilà gbọọrọ, torí "Pretender" ti Official Hige Dandism (2019) lè parí sí "da", ó sì lè parí sí "a". Ẹni tó bá sì mú "Lemon" ti Yonezu Kenshi (2018), orí "n" ló parí sí, ọ̀rọ̀ Jàpáànì kì í sì í fi "n" yìí bẹ̀rẹ̀, nítorí náà òun ló pàdánù.