Bí Ìbéèrè Ibi Tí A Ó Gbé Iná Kọ́ Sí Ṣe Dé Inú Yàrá Àwọn Olùgbin Igbó

Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí òfin ti fàyè gba gbígbin igbó nínú ilé, ohun tó sábà máa ń da olùgbìn láàmú jù kì í ṣe irú iná tí yóò rà, bí kò ṣe bí yóò ṣe gbé iná mànàmáná tó ń ṣiṣẹ́ oòrùn yìí jìnnà sí orí ewéko tó. Bí iná bá sún mọ́ ewéko jù, ewé yóò ká kò, orí òdòdó yóò sì funfun. Bí ó bá jìnnà jù, igi yóò ga fíofío, yóò tínrín, òdòdó rẹ̀ kò sì ní kún. Ìbéèrè yìí ti wà ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtigbin igbó sínú kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn tó sì kọ́kọ́ kojú rẹ̀ kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú igbó.

Ní ọdún 1861, Hervé Mangon ní ilẹ̀ Faransé tan iná mànàmáná sí èèhù ọkà kan tó hù nínú òkùnkùn, ó sì rí i pé èèhù náà di aláwọ̀ ewé, ó sì tẹ̀ sí apá ibi tí iná wà. Ṣùgbọ́n William Siemens, onímọ̀ ẹ̀rọ tí a bí ní Jámánì tó sì di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni èmi kà sí ẹni tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní tòótọ́. Nínú ọgbà ilé rẹ̀ nítòsí Tunbridge Wells, ó pín ewéko sí ọ̀nà mẹ́rin: àwọn kan wà nínú òkùnkùn, àwọn kan rí oòrùn nìkan, àwọn kan rí iná mànàmáná nìkan, àwọn yòókù sì rí méjèèjì. Iná tó lò lágbára tó àbẹ́là 1,400, àwọn ewéko tó rí méjèèjì ló sì gbèrú jù lọ. Ó gbé àbájáde rẹ̀ lọ síwájú Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1880. Nígbà tó di òtútù ọdún náà, ó gbé iná sínú ilé onígíláàsì gan-an láìfi ohunkóhun bò ó, ewé àwọn ewéko rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Bó ṣe fi gíláàsì dí àárín iná àti ewéko ni ìpalára náà dáwọ́ dúró, nítorí pé gíláàsì máa ń dí ọ̀nà mọ́ ìtànṣán tí ojú kò lè rí, èyí tó ń jó ewé.

Liberty Hyde Bailey tún iṣẹ́ yìí ṣe ní Yunifásítì Cornell ní ìpínlẹ̀ New York, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1891. Ó rí i pé àwọn ewéko tó sún mọ́ iná tí kò ní gíláàsì ló fara gbá jù, àti pé létùsì ń yára dàgbà lábẹ́ iná tó ní gíláàsì, nígbà tí spinach, ẹ̀fọ́ kan tí àwọn òyìnbó ń jẹ, ń sáré so irúgbìn kí ewé rẹ̀ tó gbó. Ohun tó rí lára spinach yìí ṣe pàtàkì ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe lè mọ̀ nígbà náà lọ, torí pé kì í ṣe agbára iná ló fà á bí kò ṣe wákàtí tí iná fi ń tàn.

Ibí yìí ni igbó ti wọ inú ìtàn náà. Ní Paris, láàárín ọdún 1912 sí 1914, ọ̀dọ́ onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Julien Tournois ń ṣe ìwádìí lórí igbó àti ìbátan rẹ̀ tí wọ́n fi ń pọn bíà, ó sì rí i pé bí wákàtí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ bá kéré, kíákíá ni wọ́n ń yọ òdòdó. Ogun Àgbáyé Kìíní pa á kó tó lè dé ìparí iṣẹ́ náà, èyí tí mo kà sí ọ̀kan lára àdánù ńlá nínú ìmọ̀ nípa ewéko. Wightman Garner àti Harry Allard ni ayé ń rántí. Ní oko ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà ní Arlington, wọ́n ní irú tábà kan tó kàn ń ga ṣáá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn láìyọ òdòdó. Wọ́n ń gbé e sínú ilé ṣíṣókùnkùn ní ọ̀sán kí ojúmọ́ rẹ̀ lè kúrú, ó sì yọ òdòdó. Ọdún 1920 ni wọ́n kéde rẹ̀. Ní 1938, Karl Hamner àti James Bonner fi hàn pé gígùn òru gan-an ló ń ṣiṣẹ́, débi pé ìmọ́lẹ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárín òru lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Orí ìmọ̀ wọ̀nyí ni àṣà títan iná fún wákàtí 18 lójúmọ́ fún ìdàgbàsókè àti wákàtí 12 fún òdòdó dúró lé, òun náà ló sì fà á tí olùgbìn inú ilé fi ń wá gbogbo ihò tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà wọlé lóru dí pa.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ojúmọ́ kì í jìnnà sí wákàtí 12 láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, oòrùn ti ṣe iṣẹ́ yẹn tán fún igbó inú oko, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin Nàìjíríà kò fàyè gba gbígbìn rẹ̀ lábẹ́ oòrùn tàbí lábẹ́ iná.

Iná onígọ̀ọ́rọ́ (fluorescent) tó dé ọjà ní ọdún 1938 kì í gbóná púpọ̀, nítorí náà a lè gbé e sún mọ́ ewé pẹ́kípẹ́kí, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kéré. Iná sódíọ̀mù tó dé ní àárín àwọn ọdún 1960, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún títan títì, lágbára púpọ̀, ó sì ń gbóná bí ààrò. Àwọn olùgbin òdòdó ní Netherlands gbé e sínú àwọn ilé onígíláàsì wọn, níbi tí òrùlé ti ga tí kò sì sí ohun tó ń há wọn mọ́. Ẹni tó bá ní yàrá tó rẹlẹ̀ kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀, torí bí iná tó mọ sójú kan bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí i, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ náà ló kù tó ń dé ara ewé, bó bá sì sún mọ́ ọn, ooru á pa á.

Kí ló wá lé igbó wọ yàrá tó rẹlẹ̀? Ní èrò tèmi, ọlọ́pàá ni, kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Láti ọdún 1983 ni ìjọba ti ń fi hẹlikópítà wá oko igbó ní California, ọ̀pọ̀ olùgbìn sì kó wọ ilé. Nígbà tó di 1989, àwọn aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ kọjú sí àwọn ilé ìtajà tó ń ta iná àti ohun èlò ọ̀gbìn inú ilé pàápàá. Bí ibi ìfarapamọ́ ṣe ń kéré sí i ni ọgbọ́n ń pọ̀ sí i: àwọn kan gbin ọ̀pọ̀ igi kéékèèké tó ga dọ́gba dípò igi ńlá díẹ̀, àwọn mìíràn na àwọ̀n sókè kí wọ́n lè tẹ ẹ̀ka sábẹ́ rẹ̀, kí orí gbogbo òdòdó lè wà ní ìwọ̀n kan náà sí iná. Ìdí tó fi tọ́ nìyẹn: iná kan ṣoṣo kò lè dúró síbi tó yẹ fún igi tó ga àti èyí tó kúrú lẹ́ẹ̀kan náà.

Iná LED, iná kéékèèké tí kì í gbóná púpọ̀, ló tún yí gbogbo rẹ̀ padà. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Wisconsin bẹ̀rẹ̀ sí í lo LED pupa fún ewéko, nítorí pé NASA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìrìn-àjò gbalasa òfuurufú, nílò iná tí kò wúwo, tí kò sì gbóná, fún ọkọ̀ tó ń lọ sí gbalasa òfuurufú. LED aláwọ̀ búlúù tó lágbára, tí Shuji Nakamura gbé jáde ní Japan ní 1993, ló wá jẹ́ kí a lè ṣe LED funfun. Òun, Isamu Akasaki àti Hiroshi Amano sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ búlúù yìí ní 2014. Àwọn LED ọ̀gbìn àkọ́kọ́ lórí ọjà máa ń tàn ní àwọ̀ elésè àlùkò, ìyẹn àdàlù pupa àti búlúù, bí ẹni pé ewéko kò mọ ìlò àwọ̀ mìíràn, nígbà tí ìwádìí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Keith McCree ti fi hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 pé ewéko ń lo ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé náà. Funfun ló pọ̀ jù báyìí.

Lẹ́yìn náà ni òfin fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí ọgbà kékeré: Uruguay gba igi mẹ́fà láyè fún ilé kan nínú òfin ọdún 2013, Kánádà gba mẹ́rin ní 2018, Jámánì sì gba mẹ́ta fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ní 2024. Inú àgọ́ aláṣọ tí inú rẹ̀ ń dán ni irú ọgbà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà, LED pẹlẹbẹ sì lè wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45 sí orí òdòdó. Àárín àgọ́ máa ń rí ìmọ́lẹ̀ ju igun rẹ̀ lọ, nítorí náà olùgbìn tó bá mọ iṣẹ́ yóò wọn ìmọ́lẹ̀ níbi púpọ̀, yóò sì dín agbára iná kù kó tó gbé e sókè, torí gbígbé e sókè ń gba àyè tí igi fẹ́ ga sí.

Òkè orí ewéko nìkan kọ́ ni iná lè wà. Ní Yunifásítì Purdue ní Indiana, Cary Mitchell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iná sáàárín ewé ẹ̀wà wa tí a ń jẹ nílé, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2000 pé àwọn ewé ìsàlẹ̀, tí ìbòòji ìbá ti sọ di pupa rẹ̀súrẹ̀sú, pẹ́ kí wọ́n tó gbẹ. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń gbin igbó lábẹ́ àṣẹ náà ti ń to iná sísàlẹ̀ ewéko báyìí, kí àwọn òdòdó tí òkè ṣíji bò lè rí ìmọ́lẹ̀ tiwọn.