Purotéènì Wọ Sẹ́ẹ̀lì Ọpọlọ: Ṣé Ó Wọlé Lóòótọ́?

Òṣogbo ìlú aró. Ẹni tó bá ti dúró ti aláró nídìí ìkòkò rẹ̀ á mọ̀ pé àwọ̀ ewé ni aṣọ fi ń jáde nínú aró. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù. Ó sì tún di ìgbà tí wọ́n bá fi omi ṣàn án ká tó mọ̀ bóyá aró wọnú òwú, àbí ojú aṣọ lásán ló lẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè yìí gan-an ló wà níwájú àwọn tó ń wádìí bí ọpọlọ ṣe ń tọ́jú ìrántí. Láti ọdún 1973 tí Bliss àti Lømo, àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ, ti tẹ ìwádìí wọn lórí ọpọlọ ehoro jáde la ti mọ̀ pé oríta tí sẹ́ẹ̀lì méjì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lè lágbára sí i, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Purotéènì wo ló ń ṣe é? Lọ́dún 1989, Malinow, Schulman àti Tsien fi ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín da ohun tó ń dí CaMKII, purotéènì kan nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, lọ́wọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìròyìn. Agbára tó dé kò tọ́jọ́.

Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pá ń wọ̀. Bí wọ́n bá sì fi fáírọ̀ọ̀sì gbé jíìnì purotéènì wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ó ń gba wákàtí tàbí ọjọ́, sẹ́ẹ̀lì á sì ti ráyè tún ara rẹ̀ tò. Ibẹ̀ ni TAT ti wúlò: ègé kúkúrú láti ara purotéènì fáírọ̀ọ̀sì HIV, tí kò lè fa àrùn náà. Bí wọ́n bá so purotéènì, bí irú èyí tó ń dí CaMKII lọ́wọ́, mọ́ ọn, sẹ́ẹ̀lì á gbé méjèèjì mì.

Gbígbémì yẹn ni wọ́n ń ṣì pè ní wíwọlé. Inú àpò kékeré ni sẹ́ẹ̀lì ń gbé e mì sí, awọ àpò náà sì dínà mọ́ ọn bí ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ń ya àdìrẹ ṣe ń dínà mọ́ aró. Díẹ̀ ló ń bọ́. Púpọ̀ nínú èyí tó kù ni sẹ́ẹ̀lì máa ń jẹ run. Àwòrán sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń yà ló tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Lọ́dún 2003, àwọn onímọ̀ kan fi hàn pé kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa sẹ́ẹ̀lì mọ́ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò gan-an ló ń tú TAT ká. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè, inú àpò ló há sí. Ó yẹ kí èyí ti fòpin sí fífi àwòrán nìkan ṣe ẹ̀rí.

Omi tí a fi ń ṣan aṣọ níbí ni iṣẹ́ purotéènì fúnra rẹ̀: ṣé oríta yí padà? Wọ́n tún gbọ́dọ̀ so irú purotéènì náà tí wọ́n ti da ètò rẹ̀ rú, tí kò yẹ kó lè ṣiṣẹ́ mọ́, mọ́ TAT. Bí èyí náà bá dí oríta lọ́wọ́, a jẹ́ pé TAT ló ń da sẹ́ẹ̀lì láàmú, ìdánwò náà kò sì tíì sọ nǹkan kan nípa CaMKII.